Kì í Ṣe Gbogbo Inú Rírun Ni Ọgbẹ́ Inú



Akọ̀ròyìn ni mí, n kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú sẹ́ẹ̀tì wa, tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí, ló ní kí n sọ ìtàn òun, kí n má ṣáà dárúkọ. Odidi oṣù mẹ́jọ ni inú fi ń run ún. Tó bá ti jẹun tán, kò ní pẹ́ tí ìrora á fi dé. Gbogbo wa la ní ọgbẹ́ inú ni. Èmi gan-an ra oògùn ọgbẹ́ inú fún un! Ó ń rù, ibà ń lọ ó ń bọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò ní tẹ́lẹ̀ yọjú. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀.

Dókítà kan ló wá bi í ní ìbéèrè bí ìgbà tí akọ̀ròyìn bá ń wádìí ọ̀rọ̀: inú, ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹsẹ̀, kí ló so wọ́n pọ̀? Iṣan ẹ̀jẹ̀ ni. Wọ́n ya àwòrán CT tó ń fi iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn. Àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ìfun àti kíndìnrín ti yọ kókó kókó bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Polyarteritis nodosa ni wọ́n ń pe àìsàn náà.

Bó ṣe yé mi nìyí. Àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó dáàbò bo ara á kọjú ìjà sí ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀. Ibi tí ògiri náà bá ti rọ̀, ẹ̀jẹ̀ á tì í síta, á yọ gẹ̀gẹ̀ bíi táyà ọkọ̀. Níbòmíràn, iṣan á fún, ẹ̀jẹ̀ ò ní tó ìfun lò lẹ́yìn oúnjẹ, inú á máa run. Kíndìnrín tí ẹ̀jẹ̀ ò tó á sọ ọ́ di ẹ̀jẹ̀ ríru. Tí gẹ̀gẹ̀ yẹn bá wá bẹ́ nínú ikùn, ikú ò jìnnà.

Àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n, àmọ́ kì í ṣe tuntun. Ní 1866, Adolf Kussmaul àti Rudolf Maier, ní Freiburg ní Jámánì, kọ̀wé nípa télọ̀ kan, ọmọ ọdún 27, tí inú ń run, tí ara rẹ̀ ń kú lọ. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tó rí àwọn kókó náà. Láyé ìgbà tí kò sí ìtọ́jú, nínú ẹni mẹ́wàá, agbára káká ni méjì fi ń lò tó ọdún márùn-ún. Lónìí, bíi mẹ́jọ ló ń lò ó kọjá.

Prednisolone ni wọ́n fi ń pẹ̀tù sí ogun inú ara. Bó bá le, wọ́n á fi cyclophosphamide kún un. Tí ìjà bá rọlẹ̀, gẹ̀gẹ̀ mìíràn á fà padà fúnra rẹ̀. Èyí tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n lè ti rọ́bà tín-ín-rín gba iṣan itan wọlé, kí wọ́n fi wáyà kékeré dí i. Nígbà mìíràn, iṣẹ́ abẹ ni.

Ibi tó kàn wá jù rèé. Hepatitis B wà lára ohun tó ń fà á. Láti nǹkan bí 1970 ni wọ́n ti mọ̀. Ọ̀rẹ́ wa ní in, kò mọ̀. Irú wọn gbọ́dọ̀ lo oògùn tó ń tẹ kòkòrò náà rì. Bí wọ́n bá lọ ń dá prednisolone rà ní kẹ́mísì, ńṣe ni kòkòrò á máa pọ̀ sí i. Nàìjíríà fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ kún ti ọmọ ọwọ́ ní 2004, àwa sì ti kúrò lọ́mọ ọwọ́ nígbà yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò. Ẹni tí kò ní in, kó gba abẹ́rẹ́. Ẹni tó ní in, kó tètè rí dókítà. Bí inú bá sì ń run ẹnìkan, tó ń rù, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹ má ṣe bíi tèmi, ẹ má fi oògùn ọgbẹ́ inú tàn án.

Ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ wa ti ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹni tó rọra ń jó lálẹ́ yìí, ẹ má fà á o!