Bí Òyìnbó Bá Ràn Wá Lọ́wọ́ Lórí Ìdájọ́, Iṣẹ́ Tiwa Ṣì Kù

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Òde Rẹ́mọ

Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ni a mú wá lónìí. Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn lọ́yà ni. Ta ni wọ́n ń tì mọ́lé jù? Àwa tálákà ni.

Ẹ ó rántí awakọ̀ ẹgbẹ́ wa kan tí ó jẹ gbèsè owó táyà. Ẹni tí ó jẹ lówó kò pè é lẹ́jọ́. Ọlọ́pàá ni ó fi mú un. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó sùn sí àtìmọ́lé kí a tó gbọ́. Ọkọ̀ dúró, owó oúnjẹ sì tán nílé. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí gbèsè lásán, a kò sì gbọdọ̀ mú ẹnìkan dípò ẹlòmíràn. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ pé bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni ọlọ́pàá ní láti fi gbé ẹni tí wọ́n mú dé iwájú adájọ́. Kóòtù wà ní Ṣágámù. Láti Òde Rẹ́mọ, láti Ìkẹ́nnẹ́, láti Ìpẹru, èwo ni ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀?

Òfin kò wọ́n wa. Ẹni tí yóò mú un ṣẹ ni ó wọ́n. Nínú ẹni márùn-ún tí ó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà, ó ju mẹ́ta lọ tí adájọ́ kò tíì dá lẹ́bi. Wọ́n ń dúró de ìgbẹ́jọ́ ni.

Àwọn ará òkè òkun ti ná owó sí ọ̀ràn yìí. Láti ọdún 2010, ìjọba Ìlú Ọba san owó ètò kan tí wọ́n pè ní Justice for All. Ètò yìí wà lára àwọn tí ó ran Mirabel Centre lọ́wọ́ láti ṣí ní Èkó ní ọdún 2013, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí a fipá bá lò. Ní ọdún 2017, Ìṣọ̀kan Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀, RoLAC. Kí a má ṣe jẹ́ aláìmoore: iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n níbo ni ìpele kìíní rẹ̀ dé? Èkó, Kánò, Ẹdó, Anambra, Adamawa àti Àbújá. Ìpínlẹ̀ Ògùn kò sí níbẹ̀. Èkó tí ọkọ̀ wa ń ná lójoojúmọ́ rí i gbà, àwa kò rí i.

Aṣọ à-gbà-bọ̀-ra kì í yẹni. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ rẹ̀ dúró. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún náà, iṣẹ́ USAID parí. Ìlú Ọba náà kéde pé nínú 1,000 pọ́n-ùn tí ń wọlé fún ilẹ̀ wọn, 5 tí wọ́n ń yọ fún ìrànwọ́ yóò di 3 ní ọdún 2027. Wọn kò béèrè lọ́wọ́ wa kí wọ́n tó ṣe é.

Àwa ará Rẹ́mọ ti mọ ibi tí ìrànwọ́ òkèèrè ń dé dúró. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, tí ó ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ rí kí ó tó di lọ́yà, ni wọ́n fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kàn ní ọdún 1962. Ó yan Gratiaen, lọ́yà láti Ìlú Ọba, kí ó wá gbèjà òun. Ìjọba kò jẹ́ kí ọkùnrin náà wọ ilẹ̀ wa, kóòtù sì gbè sẹ́yìn ìjọba. Ní ọdún 1963, wọ́n rán Awólọ́wọ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10. Bí onílé bá ti ìlẹ̀kùn, kí ni alejò aláàánú lè ṣe?

Ìlẹ̀kùn náà ni kí a dojú kọ. Láti ọdún 1976 ni ìjọba ti dá Legal Aid Council sílẹ̀ láti máa gba ẹjọ́ tálákà rò lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 2011 fi í sí ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ju owó oṣù tí ó kéré jù lọ, èyí tí ó di 70,000 náírà ní ọdún 2024. Òṣìṣẹ́ tí ó ń gba 80,000 ńkọ́? Ó ti pọ̀ jù fún ọ̀fẹ́, kò sì tó san fún lọ́yà.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a dá lábàá. Èkínní, kí olúkúlùkù mọ òfin wákàtí 24 yẹn lórí, kí ó sì fi kọ́ ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Èkejì, kí ẹ̀ka wa dá àpò kan sílẹ̀ fún owó lọ́yà, kí a má sì fi ọwọ́ kàn án fún òkú tàbí àríyá. Ẹ̀kẹta, bí wọ́n bá mú ẹnikẹ́ni nínú wa, kí ẹni tí ó kọ́kọ́ gbọ́ sáré wá sọ fún akọ̀wé lọ́jọ́ náà gan-an. Kí a sì béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin wa ní Abẹ́òkúta pé èló ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìgbẹ́jọ́ tálákà.

Bí Òyìnbó bá tún mú owó wá, a ó dúpẹ́. Bí wọn kò bá mú un wá, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ wa kankan tún sùn ní àtìmọ́lé fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí táyà.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.