Oyè Ńlá, Owó Ófátáìmù Kò Sí

 

Bí ọmọ bá pè wá láti òkè òkun pé òun ti ríṣẹ́, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé, “Kí ni wọ́n ń pè ọ́ níbẹ̀?” Bó bá ní “IT Support Specialist” ni, tàbí “systems engineer”, inú wa á dùn, gbogbo àdúgbò á sì ti gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Lónìí, mo fẹ́ kí a bèèrè nǹkan mìíràn: ta ló ń jèrè orúkọ yẹn?

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, òfin kan wà láti 1938 lórí owó òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀, kí wọ́n san owó wákàtí kan àti ààbọ̀ fún un lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan tó lé. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ àwọn kan sílẹ̀: ọ̀gá tó ń darí àwọn mìíràn, àti àwọn tó ń kọ prógíráàmù tàbí tó ń ṣètò bí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ yóò ṣe ṣiṣẹ́, bí owó wọn bá ti tó iye tí òfin sọ. Ibẹ̀ ni àrékérekè ti ń wọlé. Ẹni tó ń dáhùn tẹlifóònù látàárọ̀ dalẹ́, tó ń bá ẹni tó gbàgbé páásíwọ̀ọ̀dù ṣe é, tó ń so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n á fún un ní oyè tó dún bí ti ọ̀gá, wọ́n á sì kà á mọ́ àwọn tí òfin yọ sílẹ̀. Bí server bá kú lóru, òun ni wọ́n á jí. Kọ́bọ̀ kan kò ní lé owó rẹ̀.

Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀ o! Ìlànà ìjọba ibẹ̀ sọ ọ́ kedere pé oyè nìkan kò tó. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ẹni ń ṣe àti owó tí wọ́n ń san ni wọ́n á wò. Ní oṣù kẹwàá 2006, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kọ lẹ́tà nípa “IT Support Specialist” gan-an: títo kọ̀ǹpútà, dídán an wò àti wíwá ohun tó ń ṣe é kò mú kí ènìyàn pàdánù ófátáìmù rẹ̀.

Ọdún yẹn kan náà ni IBM gbà láti san mílíọ̀nù dọ́là 65 láti fi parí ẹjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pè lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà pé òun jẹ̀bi. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ní 2008, wọ́n ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí gba ófátáìmù, ṣùgbọ́n wọ́n gé ìdá 15 nínú 100 kúrò lára owó tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá ti ṣe ju wákàtí 40 lọ, owó tirẹ̀ dín ni. Jákọ́bù kò bèèrè oyè àwọn tó kórè oko nínú ìwé rẹ̀. Owó iṣẹ́ wọn tí wọ́n dá dúró ló ń wò.

Oyè mìíràn wà tó burú ju èyí lọ. Ní oṣù kẹsàn-án 2022, ìjọba Íńdíà kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ tó mọ kọ̀ǹpútà nípa iṣẹ́ “Digital Sales and Marketing Executive” tí wọ́n ń polówó ní Thailand. Wọ́n ń kó àwọn tó gbà á gba ẹnubodè kọjá sí Myanmar láìbófinmu, wọ́n ń sé wọn mọ́ ibẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé ó tó 120,000 ènìyàn ní Myanmar, àti nǹkan bí 100,000 ní Cambodia, tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa fi ipá mú lu jìbìtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ Áfíríkà wà nínú wọn.

Nítorí náà, bí ọmọ bá mú lẹ́tà iṣẹ́ wá, ẹ fi ìka bo ibi tí oyè wà, kí ẹ ka ìyókù. Kí ni yóò máa ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Ajé? Wákàtí mélòó? Ta ni yóò san owó náà, ìlú wo sì ni? Ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, kó máa kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ọdún méjì ni òfin ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ fún un láti fi béèrè owó tí wọ́n jẹ ẹ́, mẹ́ta bí wọ́n bá mọ̀ọ́mọ̀ jẹ ẹ́.