Ẹ Má Wo Ògiri Dáàmù Nìkan

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpèjọ ẹgbẹ́ wa ní Òwu, Abẹ́òkúta)

Ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ fi pàṣán kọ́ wa ní jọ́gíráfì, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀ọ́, Dáàmù Òyán ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ọdún 1983 ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí i. Ó lè gba omi tó mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà. Odò Òyán ń ṣàn wọnú Odò Ògùn, Odò Ògùn sì ń gba Láfẹ́nwá kọjá. Ọmọ Òwu wo ló máa ní kò kan òun?

Gbogbo wa la máa ń bèèrè bóyá ògiri dáàmù lágbára. Ó dára. Ṣùgbọ́n ní Vajont, ní Ítálì, ògiri ò wó o! Lálẹ́ ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 1963, ẹ̀gbẹ́ òkè Toc ló ya wọnú adágún. Ilẹ̀ tó ya fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo omi tí Òyán lè gbà. Omi fò kọjá lórí dáàmù, ó gbá ìlú Longarone lọ. Nǹkan bí 2,000 ènìyàn ló kú. Ògiri yẹn ṣì dúró títí dòní.

Òkè náà sì ti kìlọ̀. Ní 1960, ilẹ̀ ibẹ̀ sán, ó gùn tó kìlómítà méjì. Àwọn ẹnjiníà rò pé bí àwọn bá ń gbé omi sókè, tí wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn á lè darí bí òkè ṣe ń rìn. Òkè kẹ̀!

N kò fẹ́ dẹ́rù bà yín. Ilẹ̀ tó yí Òyán ká kò ga bẹ́ẹ̀. Bèbè ni kí a máa ṣọ́. Nígbà òjò, ilẹ̀ bèbè á mu omi yó. Bí wọ́n bá wá tú omi adágún sílẹ̀ lójijì, omi tó ń gbé bèbè ró ti lọ, èyí tó wà nínú ilẹ̀ kò tíì jáde. Ilẹ̀ wúwo, kò rí ohun fara tì, ló bá ya. Àwọn ará Ìbarò àti Ìmálà-Odò sì ń gbé nítòsí omi yẹn.

Ilẹ̀ tó sán, igi tó ń fì sọ́nà omi, omi tó ń sun níbi tí kì í ti í sun: ẹ wò wọ́n dáadáa. Ẹ ri èèkàn méjì mọ́lẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lódìkejì ibi tó sán. Ẹ fi téèpù wọn àárín wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú bí omi adágún ti ga tó. Bó ṣe ń yára fẹ̀ sí i ló ń sọ bí ewu ti súnmọ́lé tó.

Àwọn sọ́féyọ̀ wà láàárín wa. Kí a yọ díẹ̀ nínú owó aṣọ ẹgbẹ́ ra téèpù àti ìwé, kí akọ̀wé wa sì kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì Ogun-Oshun River Basin, kó bèèrè ẹni tó ń wọn bèbè Òyán àti ibi tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà.