Ìlú Mẹ́rin Létí Òkun Kan: Àṣà Wọn àti Ìjọba Wọn

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run.

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí dá lórí orílẹ̀-èdè mẹ́rin tí wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn létí òkun: Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ tí àwọn àgbà mọ̀ sí Dáhòmì, Tógò àti Gánà. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Èkó ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tí wọn kò bá dá a dúró pẹ́ ní ẹnubodè, lè dé Accra kí ọjọ́ náà tó parí. Kí ó tó dé ibẹ̀, yóò ti rí àsíá mẹ́rin, yóò ti ná owó mẹ́ta, yóò sì ti gbọ́ èdè òyìnbó méjì.

Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn láti máa fi àwọn ìlú wọ̀nyí wé ara wọn. Àwọn kan a ní Gánà sàn ju Nàìjíríà lọ, àwọn mìíràn a sì ní kò sí èyí tí ó tó Nàìjíríà nínú wọn. Àfiwé kò burú. Èyí tí ó burú ni kí ẹni tí kò mọ ìtàn máa ṣe é, kí ó sì sọ ọ́ di ọ̀nà láti fi àbùkù kan ẹ̀yà ẹlòmíràn. Suuratul-Hujuraat ti la ojú mùsùlùmí sí i pé ìyàtọ̀ ẹ̀yà kì í ṣe ohun ìgbéraga. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á wò ó bí ó ti rí gan-an.

BÍ ÀÀLÀ ṢE DÉ

Ní ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ààlà tí ó ya Èkó àti agbègbè rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára Dáhòmì. Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, tí òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí ó jẹ́ ara ilẹ̀ Kétu, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. A kò pe ọba Kétu sí ìpàdé náà.

Bí ó ti ṣe Yorùbá ni ó ṣe àwọn Ewe. Jámánì ni ó kọ́kọ́ gba Tógò ní ọdún 1884. Nígbà tí ogun àgbáyé bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì pín in. Ní ọdún 1956, apá ti Gẹ̀ẹ́sì dìbò pé àwọn yóò dara pọ̀ mọ́ Gold Coast, òun ni ó sì di Gánà ní ọjọ́ 6, oṣù kẹta, ọdún 1957. Apá ti Faransé gba òmìnira tirẹ̀ ní ọdún 1960. Títí di òní, àwọn Ewe ṣì wà ní ìhà méjèèjì ààlà. Ní Atakpamé, nínú Tógò, àwọn ènìyàn ṣì wà tí wọ́n ń pe ara wọn àti èdè wọn ní Ifẹ̀, tí wọ́n sì ń tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orísun wọn.

ÀṢÀ OJOOJÚMỌ́

Bí ènìyàn bá ti ìdí ìkòkò wò ó, ìlú kan ṣoṣo ni ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀ ni Gánà ń pè ní waakye, orúkọ tí wọ́n mú láti inú èdè Haúsá. Òun náà ni Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní atassi, tí Tógò sì ń pè ní ayimolou. Àkàrà ni koose ní Gánà. Gàrí kò tilẹ̀ yí orúkọ padà. Àwọn tí wọ́n sì ń se ẹ̀wà àgànyìn ní Èkó, orúkọ oúnjẹ wọn fúnra rẹ̀ ń sọ fún ni pé ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ti gbé e wá.

Ọ̀rọ̀ ìfowópamọ́ náà kò yàtọ̀. Èsúsú tí àwọn ìyá wa ń dá ní ọjà ni Gánà ń pè ní susu. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, wọ́n fún un ní orúkọ Faransé, tontine, ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé kan náà ni ó gbé e ró. Ní ọjà Lomé, àwọn obìnrin tí wọ́n ń ta àǹkárá láti ìgbà òmìnira lówó lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń pè wọ́n ní Nana Benz, nítorí ọkọ̀ Mercedes-Benz tí wọ́n ń gùn. Ọmọkùnrin tí a bí ní ọjọ́ Jímọ̀ ni Kofi ní Gánà. Òun náà ni Koffi ní Tógò. Lẹ́tà kan tí ó lé yẹn, ọwọ́ Faransé ni ó ti wá.

Ní ti mọ́sálásí, ẹni tí ó bá dé Àjàṣẹ́ yóò rí mọ́sálásí ńlá kan tí a kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá, tí ojú rẹ̀ dà bí ti ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Brasil. Ọwọ́ ìran àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Brasil, tí wọ́n sì padà wálé, ni ọnà náà ti wá. Èdè Yorùbá kò ṣàjèjì láàárín àwọn mùsùlùmí ìlú náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé Zongo ní Accra tàbí ní Kumasi, èdè Haúsá ni ó so àwọn mùsùlùmí pọ̀ níbẹ̀, kódà láàárín àwọn tí baba wọn kì í ṣe Haúsá. Ẹ̀sìn kan ni, àmọ́ ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò gbà dé ni ó yan èdè fún un.

Níbo ni ìyàtọ̀ wà nígbà náà? Ó wà nínú ilé-ìwé àti nínú àpò. Láti ọdún 1952 ni Nàìjíríà àti Gánà ti jọ ń ṣe ìdánwò lábẹ́ àjọ WAEC. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ àti ọmọ Tógò ń ṣe BAC ti Faransé ní tiwọn. Nítorí èyí, ọmọ Ìmẹ̀kọ àti ọmọ Kétu lè gbọ́ èdè ara wọn yékéyéké nílé, kí wọ́n má sì lè ka ìwé ara wọn. Ní ti owó, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń ná CFA, tí Faransé dá sílẹ̀ ní ọdún 1945. Owó náà kì í sábà mì, ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn: ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1994, wọ́n gé iye rẹ̀ sí ìdajì lẹ́ẹ̀kan náà. Gánà àti Nàìjíríà ni ó ni owó tiwọn, wọ́n sì ti rí ìyà rẹ̀. Gánà gé òdo mẹ́rin kúrò lára sídì ní ọdún 2007, síbẹ̀ ọ̀wọ́n gógó ọjà kọjá ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún níbẹ̀ ní ìparí ọdún 2022. Náírà náà já lulẹ̀ lẹ́yìn oṣù kẹfà, ọdún 2023. A kò lè sọ pé ẹnì kan nínú wọn bọ́.

ÌJỌBA WỌN

Ológun ti jọba ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ológun ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Gánà ṣe ìwé òfin tuntun ní ọdún 1992. Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ti ń gba ìjọba lọ́wọ́ ara wọn nípasẹ̀ ìbò. Ní ọdún 2008, ìbò tí ó ya ẹni tí ó wọlé sọ́tọ̀ sí ẹni tí ó fìdí rẹmi kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ a gbé ìjọba sílẹ̀. Ní ọdún 2013, Nana Akufo-Addo gbé ẹjọ́ ìbò dé ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ. Ó pàdánù, ó gbà bẹ́ẹ̀, ó sì wọlé ní ọdún 2016. Ní oṣù kejìlá, ọdún 2024, Mahamudu Bawumia, tí ó jẹ́ mùsùlùmí, kí John Mahama kú oríire kí àjọ elétò ìdìbò tó kéde èsì. Òfin Gánà kò sì gba ọba láàyè láti bá ẹgbẹ́ òṣèlú ṣe. Ṣùgbọ́n àbùkù tiwọn náà wà: ààrẹ ni ó ń yan olórí ìjọba ìbílẹ̀ fún àwọn ará àdúgbò.

Ní Bẹ̀nẹ̀, Mathieu Kérékou fi ìbọn gba ìjọba ní ọdún 1972. Ní oṣù kejì, ọdún 1990, gbogbo ìlú pe àpérò, àpérò náà sì gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ó du ipò ní ọdún 1991, Nicéphore Soglo borí rẹ̀, ó sì lọ sílé. Ìbò ni ó gbé e padà ní ọdún 1996. Nígbà tí òfin sọ pé sáà rẹ̀ ti pé ní ọdún 2006, kò yí òfin náà padà. Síbẹ̀, ilé tí a kọ́ dáadáa náà lè jò: ìbò ilé aṣòfin tí Bẹ̀nẹ̀ dì ní ọdún 2019 kò ní ẹgbẹ́ alátakò kankan nínú, ẹ̀mí sì ṣòfò níbẹ̀.

Tógò pe irú àpérò kan náà ní ọdún 1991, ṣùgbọ́n àwọn ológun kò jẹ́ kí ó so èso. Gnassingbé Eyadéma, tí ó gbàjọba ní ọdún 1967, kò kúrò títí ó fi kú ní ọdún 2005. Ọmọ rẹ̀, Faure Gnassingbé, ni ó jókòó sí ipò rẹ̀. Wọ́n ti kọ́kọ́ yọ gbèdéke sáà kúrò nínú òfin ní ọdún 2002. Ní ọdún 2024, wọ́n yí òfin náà padà pátápátá, agbára bọ́ sọ́wọ́ olórí ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà tí ará ìlú kò ní dìbò yàn tààrà, Faure sì gba ipò náà ní oṣù karùn-ún, ọdún 2025. Ìbò ìjọba ìbílẹ̀ tí Tógò dì ní ọdún 2019, irú rẹ̀ kò wáyé láti ọdún 1987.

Nàìjíríà ni ó tóbi jù, ẹrù rẹ̀ sì wúwo jù. Ìbò tí ìlú dì ní ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 1993, ológun fagi lé e. Ìjọba alágbádá padà ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 1999. Ní ọdún 2015, fún ìgbà àkọ́kọ́, ààrẹ tí ó wà lórí oyè fìdí rẹmi, ó sì gbà. Ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ni ó dá àwọn ọmọbìnrin mùsùlùmí láre ní ọdún 2022 lórí wíwọ híjáàbù ní ilé-ìwé ìjọba ní Èkó. Èyí fi hàn pé ẹni tí ó mọ òfin, tí ó sì ní sùúrù, lè gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ láìsọ òkò.

Kí ni àfiwé yìí kọ́ wa? Àwọn tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ kan náà, tí wọ́n ń dá èsúsú kan náà, ni wọ́n wà lábẹ́ ìjọba tí kò jọra wọ̀nyí. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ kọ́, ẹ̀yà kọ́. Òfin ni, àti ìwà àwọn tí a fi òfin sí lọ́wọ́.

NÍGBÀ TÍ ALÁDÙÚGBÒ LÉ ALÁDÙÚGBÒ

Ní oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kúrò. Àwọn Yorùbá pọ̀ jọjọ nínú wọn, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ṣakí. Àwọn tí wọ́n ti ń tajà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1983, Nàìjíríà ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ Gánà, àpò tí wọ́n kó ẹrù sí sì di ohun tí à ń fi orúkọ wọn pè títí di òní, ‘Ghana Must Go’. Wọ́n ṣe èyí tí ó kẹ́yìn yìí lẹ́yìn tí ECOWAS, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó gan-an ní ọdún 1975, ti fọwọ́ sí ìwé ní ọdún 1979 pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Ní ọdún 2025, àwọn kan tún jáde ní Accra, wọ́n ní kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa lọ. Ìjọba Gánà kò gbà fún wọn.

Ọwọ́ Nàìjíríà náà kò mọ́. Nígbà tí ó ti ẹnubodè ilẹ̀ pa láti oṣù kẹjọ, ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá, ọdún 2020, tálákà ìhà méjèèjì ni ó jẹ̀yà rẹ̀. Ní ọdún 2003, àwọn ọmọdé tí ó lé ní igba ni a kó kúrò ní ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta, tí a sì dá padà sí Bẹ̀nẹ̀. Ta ni ó ń ra òkúta náà? Ta ni ó fi kọ́lé?

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ọ̀DỌ́ ṢE

Èkíní, kí ọ̀dọ́ kọ́ èdè Faransé. Ẹni tí ó gbọ́ Lárúbáwá àti Gẹ̀ẹ́sì, tí kò sì lè kí aládùúgbò rẹ̀ ní Kútọnu, ìmọ̀ rẹ̀ kò tíì pé.

Èkejì, kí á wo ẹni tí ó wà nínú ilé wa. Ọmọ ọ̀dọ̀ láti Tógò, bíríkìlà láti Bẹ̀nẹ̀, télọ̀ láti Gánà, àlejò ni wọ́n. Ẹ má fi orúkọ ẹ̀yà wọn bú wọn. Ẹ má jẹ́ kí owó iṣẹ́ wọn pẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì gba ọmọ tí ó yẹ kí ó wà ní ilé-ìwé sí iṣẹ́. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí a lé ẹ̀gbọ́n yín ní Kumasi, ẹ má ṣe fojú ẹrú wo ọmọ ẹlòmíràn ní Ìbàdàn.

Ẹ̀kẹta, kí àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹgbẹ́ wa. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí alága rẹ̀ kò ní gbèdéke sáà, tí akápò rẹ̀ kì í ka ìṣirò owó sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, tí ẹni tí ó bá pàdánù ipò a sì kó ènìyàn jáde lọ dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀, kò ní ẹnu láti bá Tógò wí. Ibi ìpàdé kékeré ni a ti ń kọ́ bí a ṣe ń gbé ipò sílẹ̀. Ẹni tí kò kọ́ ọ níbẹ̀ kò ní kọ́ ọ nígbà tí ó bá di gómìnà.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi òye yé wa, kí Ó sì fún wa ní ọkàn tí ó lè ṣe déédéé fún aládùúgbò.

Wassalāmu ʿalaykum.