Orúkọ Ìlú Wa Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú ìlú wa

  

Iṣẹ́ olùkọ́ ni iṣẹ́ wa. Nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, kò sí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo níbẹ̀. Pátákó dúdú àti ṣọ́ọ̀kì ni ohun èlò wa. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀mọ̀ràn nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ó ń bá yín sọ̀rọ̀. Ohun tí a kò mọ̀ ni a lọ kọ́, nítorí pé ìtìjú bá wa. Ohun tí ó fa ìtìjú náà ni a ó kọ́kọ́ sọ.

Ní ọdún 2017, ẹgbẹ́ yìí pinnu pé kí ìlú wa ní ojúewé tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó lawọ́, ni ó ṣe iṣẹ́ náà láìgba kọ́bọ̀. Ó kó àwòrán àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ sí ibẹ̀, ó kọ ìtàn ìlú wa sí i, ó sì gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ fún owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ sí i pẹ̀lú. Inú gbogbo wa dùn, a pàtẹ́wọ́, a sì lọ sùn. A kò bèèrè orúkọ ẹni tí a fi gba àdírẹ́ẹ̀sì náà. Orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ni; fóònù rẹ̀ ni, í-méèlì rẹ̀ sì ni. Nígbà tí ó lọ sí òkè òkun, ó pààrọ̀ fóònù, kò sì lo í-méèlì náà mọ́. Ìwé ìránnilétí pé kí á san owó ọdún ń wá, kò sí ẹni tí ó ṣí i. Ọjọ́ pé, ẹlòmíràn tí a kò mọ̀ sì ra orúkọ náà. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá tẹ orúkọ ìlú wa, ìpolówó tẹ́tẹ́ ni yóò bá pàdé. Àwòrán àwọn bàbá wa ti lọ, a kò sì ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ má ṣe dá ọmọ náà lẹ́bi. Àwa tí a wà nínú ìgbìmọ̀ ni ó jẹ̀bi, nítorí pé a fi ohun ìní ìlú lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́, a kò sì bojú wẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ni, a kì bá tí ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ẹgbẹ́ fẹ́ dá ojúewé mìíràn sílẹ̀ lọ́dún yìí, ó yẹ kí á mọ ohun tí a fẹ́ fi owó wa rà.

Èkíní, kí ni ojúewé yìí gan-an? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pe íntánẹ́ẹ̀tì àti wẹ́ẹ̀bù ní ohun kan náà, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́. Íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀nà. Wẹ́ẹ̀bù jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí ń gba ọ̀nà náà kọjá. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 1969 ni a kọ́kọ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí ọ̀nà tí ó bí íntánẹ́ẹ̀tì, láti yunifásítì kan ní Los Angeles sí ibùdó ìwádìí Stanford, ní Amẹ́ríkà. Létà méjì péré ni ó dé ibẹ̀ kí ẹ̀rọ náà tó dákú. Ẹ kò rí i pé kò sí ohun ńlá tí kì í bẹ̀rẹ̀ ní kékeré? Wẹ́ẹ̀bù ni àbúrò. Ọdún 1989 ni Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìmọ̀ràn rẹ̀ sílẹ̀ ní CERN, ibùdó ìwádìí kan nítòsí ìlú Geneva ní Switzerland. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1993, CERN fi iṣẹ́ náà ta gbogbo ayé lọ́rẹ. Ìdí nìyí tí ìlú kékeré bíi tiwa fi lè ní ojúewé láìsan owó oríṣìí kankan fún ẹni tí ó kọ́kọ́ ro wẹ́ẹ̀bù jinlẹ̀.

Ojúewé náà kò sí nínú fóònù yín. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà kan tí a kì í pa, tí a ń pè ní server. Nígbà tí ẹ bá tẹ orúkọ ìlú wa, fóònù yín yóò ránṣẹ́ sí server náà, òun yóò sì dá èsì padà. Ìwé tí a kọ ní HTML ni èsì náà. HTML kò ju àmì tí olóòtú ìwé ìròyìn ń fi sí ara ìwé kí ó tó gbé e fún àwọn atẹ̀wé: orí ọ̀rọ̀ nìyí, ìpínrọ̀ nìyí, àwòrán ni kí ó wà níhìn-ín. Fóònù yín yóò ka àwọn àmì náà, yóò sì to ojúewé náà bí ó ti yẹ. Kì í sì í ṣe odindi ni ìwé náà ń wá. A ó gé e sí wẹ́wẹ́, a ó fi nọ́ńbà sí ègé kọ̀ọ̀kan, ègé kọ̀ọ̀kan lè gba ọ̀nà tirẹ̀, wọn yóò sì tún pàdé ní ẹnu ọ̀nà yín.

Ẹ má ṣe rò pé inú òfúrufú ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Láti ilẹ̀ kan dé èkejì, abẹ́ òkun ni ó pọ̀ jù lọ ń gbà, nínú okùn onígíláàsì tí ó tín-ín-rín. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, mélòó kan nínú àwọn okùn wọ̀nyí bàjẹ́ nítòsí Abidjan, ní Côte d'Ivoire. Lọ́jọ́ náà, àwọn báńkì ní Nàìjíríà kò lè dá oníbàárà lóhùn dáadáa. Ẹ̀kọ́ tí èyí kọ́ wa ni pé ohun tí ìlú fẹ́ràn kò gbọdọ̀ wà ní ibì kan ṣoṣo. Kí ẹ̀dà kan wà lórí server, kí òmíràn wà nínú àpótí ẹgbẹ́ níhìn-ín, kí ìkẹta sì wà lọ́dọ̀ ẹ̀ka wa ní òkè òkun.

Èkejì, ta ni ó ni orúkọ, òfin wo ni ó sì wà lórí rẹ̀? Nọ́ńbà ni àwọn kọ̀ǹpútà fi ń mọ ara wọn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í dúró lórí ọmọ ènìyàn. Nítorí náà ni Paul Mockapetris fi gbé ètò kan kalẹ̀ ní ọdún 1983, èyí tí ń yí orúkọ padà sí nọ́ńbà. Ó rí gẹ́gẹ́ bí àlejò tí ó dé ìkóríta, tí ó ń bèèrè agboolé tí ó ń lọ: ẹni tí ó mọ̀nà yóò nawọ́ sí i fún un. ICANN, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1998, ni ó ń bójú tó ètò náà fún gbogbo ayé. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀: .ng ni ti Nàìjíríà, .bj ni ti Benin, .tg ni ti Togo, .uk ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ tí a ń pè ní NiRA ni ó ń tọ́jú .ng, a sì ya .org.ng sọ́tọ̀ fún irú ẹgbẹ́ bí èyí. Àwọn àgbà ní, ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sọ́kàn pé a kì í ra orúkọ yìí ní àrà-kú. Yíyá ni a ń yá a, fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí kò bá sì san owó rẹ̀ yóò pàdánù rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé: ṣé a kò ti ní Facebook àti WhatsApp ni? Wọ́n dára, a sì ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ilé onílé ni. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ dá Twitter, tí ó ti di X nísinsìnyí, dúró ní Nàìjíríà. Oṣù Kínní ọdún 2022 ni wọ́n tó dá a padà. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ọ̀ràn náà níhìn-ín. Ohun tí a ń wí ni pé ẹni tí ó kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sí yàrá àlejò kò gbọdọ̀ ṣe ìyàlẹ́nu bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn.

Òfin mìíràn kàn wá gidigidi. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin ààbò ìròyìn ara ẹni ní Nàìjíríà. Ẹ rántí pé lórí ojúewé àkọ́kọ́ wa, a tẹ orúkọ gbogbo ẹni tí ó dáwó fún gbọ̀ngàn ìlú, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn. Ìdùnnú ni ó mú wa ṣe é. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù díẹ̀, àwọn oníjìbìtì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ìyá wa, wọ́n ń pe ara wọn ní akápò ẹgbẹ́. Ìyá kan tí ó jẹ́ opó fi owó ọjà rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Àwa ni a la ògiri náà. Lábẹ́ òfin ọdún 2023, a kò gbọdọ̀ lo ìròyìn ẹnikẹ́ni láìsí ìdí tí òfin gbà, bí àpẹẹrẹ kí ẹni náà gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni náà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí á tún un ṣe tàbí kí á pa á rẹ́. Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀n mọ̀ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà lọ́dọ̀ tiyín pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ àwọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín. Ìwé ẹ̀bẹ̀ fún owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí ó wà lórí ojúewé wa, lẹ́tà pupa ni a fi kọ ọ́ sórí àwọ̀ ewé, nítorí pé àwọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ wa nìyẹn. Bàbá kan fẹ́ kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sí i. Kò rí ọjọ́ ìparí kà, ọjọ́ sì kọjá lórí ọmọ náà. Àwọn kan wà, ọkùnrin ni ó pọ̀ jù nínú wọn, tí ojú wọn kì í fi ìyàtọ̀ sáàárín pupa àti àwọ̀ ewé. Àbímọ́ ni, kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe àìmọ̀wé. Àwọn tí ń ṣètò ìlànà wẹ́ẹ̀bù ti fi òṣùwọ̀n lélẹ̀ pé kí ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ kan fi ó kéré tán 4.5 sí 1 yàtọ̀ sí èkejì kí lẹ́tà tó ṣeé kà dáadáa. Dúdú lórí funfun jẹ́ 21 sí 1, kò sì sí èyí tí ó jù ú lọ.

Àwọ̀ orí kọ̀ǹpútà kì í ṣe àwọ̀ ìkòkò aró. Ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta ni ó ń dá gbogbo rẹ̀: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n láti 0 dé 255, àpapọ̀ wọn sì lè di 16,777,216 àwọ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kún, funfun ni a ó rí. Bí kò bá sí ọ̀kan, dúdú ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa sì fi orúkọ mẹ́ta péré ṣe ìpìlẹ̀: funfun, pupa, dúdú. A ń pe epo ní pupa, a sì ń pe aṣọ tí a rẹ sínú aró ní dúdú. Funfun ni ti Ọbàtálá, ó sì ń sọ̀rọ̀ àlàáfíà àti ìwà mímọ́. Ní Cuba títí di òní, funfun náà ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn, pupa àti funfun sì ni ti Ṣàngó. Ṣùgbọ́n funfun yìí kan náà jẹ́ àwọ̀ ọ̀fọ̀ ní ilẹ̀ Íńdíà, pupa sì jẹ́ àwọ̀ ìgbéyàwó ní ilẹ̀ Ṣáínà. Nítorí náà, àwọ̀ nìkan kò tó láti jíṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé ọjọ́ ti kọjá, ẹ kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ ẹgbẹ́ wa wà ní etí ojúewé gẹ́gẹ́ bí ọ̀ṣọ́, kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ dúdú lórí funfun.

Alàgbà Alága, ẹ̀bẹ̀ wa kò pọ̀. Kí a gba àdírẹ́ẹ̀sì tuntun ní orúkọ ẹgbẹ́, kì í ṣe ní orúkọ ẹnì kan. Kí akọ̀wé, akápò àti aṣojú ẹ̀ka òkè òkun mọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé rẹ̀, kí a sì máa yí i padà nígbàkígbà tí a bá yan ìjòyè tuntun. Kí owó ọdún rẹ̀ wà nínú ètò ìnáwó wa bíi ti iná mànàmáná gbọ̀ngàn. Kí a má ṣe tẹ nọ́ńbà fóònù ẹnikẹ́ni síta láìgba àṣẹ rẹ̀. Ẹ̀yin tí àwòrán àwọn àgbà wa ṣì wà nínú àpótí yín, nílé àti lẹ́yìn odi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá a, kí ẹ sì fún wa ní ẹ̀dà rẹ̀.

Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. A ti pàdánù orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan nítorí àìbìkítà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a tún pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Kí ìlú wa máa tẹ̀síwájú, kí a má rí ìjà, kí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ìdálẹ̀ máa mọ ọ̀nà ilé.