Bí Ìwọ̀n Kò Bá Tíì Sọ̀rọ̀, Ẹ Má Tíì Jáwọ́

Àwọn tó ṣètò ìpàdé yìí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera. Mo ní iṣẹ́ ìwé-ìròyìn ni mo kọ́ ní poli, n kì í ṣe dókítà. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Pé àwọn dókítà tó wà láàárín wa ti sọ tiwọn títí, a ò gbọ́, bóyá a ó gbọ́ ti ẹni tó ń bi dókítà léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká wò ó.

Ẹni tí kò fẹ́ dín ara kù, ọ̀rọ̀ mi kò kàn án lónìí. Ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀: ẹni tó ti yọ nínú òkèlè, tó ti fi mínírà sílẹ̀, tó ń jí fẹsẹ̀ rìn láàárọ̀, tó wá gun ìwọ̀n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí nǹkan náà dúró sójú kan bí ọlọ́pàá ojú títì. Irú wọn pọ̀ láàárín wa. Mo mọ̀ wọ́n, torí wọ́n ń pè mí. Wọ́n á ní, "Ọ̀rẹ́, mo ti ṣe é títí, kò ṣiṣẹ́. Ó jọ pé bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyí." Ẹ ó gbọ́ láìpẹ́ pé wọ́n ti padà sí ìdí iyán.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ìwọ̀n ń wọ̀n gan-an. Ẹ gun orí rẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ mu píọ̀ wọ́tà méjì, ẹ tún padà gùn ún. Ó ti fi kílò kan lé, torí kílò kan ni lítà omi kan. Ṣé ẹ sanra láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ni? Fùfú àná tí kò tíì jáde wà níbẹ̀. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ òde Sátidé wà níbẹ̀, torí iyọ̀ a máa dá omi dúró lára. Ẹ̀yin obìnrin, bí nǹkan oṣù bá ku ọjọ́ díẹ̀, omi a máa pọ̀ lára, ìwọ̀n á gòkè láìjẹ́ pé ẹ jẹ ohunkóhun lé e. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá, tí gbogbo iṣan ń ro, omi a máa jọ síbi iṣan yẹn náà. Ìwọ̀n ènìyàn kan náà lè fi kílò kan tàbí méjì yàtọ̀ láàárín ọjọ́ méjì, kí ọ̀rá ara rẹ̀ má yí padà rárá.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń tàn wá jù. Ara ní ibi tó ń kó ṣúgà oúnjẹ pamọ́ sí, nínú ẹ̀dọ̀ àti nínú iṣan. Gíráàmù kan irú ṣúgà bẹ́ẹ̀, bíi gíráàmù omi mẹ́ta ló ń bá a gbé. Bí a bá dín oúnjẹ kù, èyí ni ara á kọ́kọ́ ná, omi á bá a jáde, ìwọ̀n á já wálẹ̀ ní kílò méjì. Inú wa á dùn. À á máa ṣírò pé bó bá ń lọ báyìí, kí Kérésì tó dé, a ti rí bíi ti fọ́ọ̀mù tú. Ìgbà tí omi náà bá tán, ó ku ọ̀rá, ọ̀rá kì í sì í yára. Ìdajì kílò lọ́sẹ̀ kan, iṣẹ́ ńlá ni. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ṣùgbọ́n ìdajì kílò yẹn, píọ̀ wọ́tà kan ṣoṣo ti tó láti bò ó mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ń lọ. Ariwo omi ni kò jẹ́ ká gbọ́ ọ.

Ìdí nìyí tí n kì í dá sí ọ̀rọ̀ àwọn tíì tí wọ́n ń tà pé ó ń mú ikùn wálẹ̀. Ewé sẹ́nà ló wà nínú púpọ̀ wọn, ewé tó ń mú ni yàgbẹ́. Omi àti ìgbẹ́ ló jáde, ọ̀rá jókòó síbẹ̀, ó ń wò yín.

Ojú àwọn ènìyàn náà kò ṣe é gbára lé. Ẹ̀ ń wo ara yín nínú dígí lójoojúmọ́, ẹ ò lè rí i, bí ìyá kì í ṣe í mọ ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ga. Tọkọtaya kì í rí i fún ara wọn. Nígbà tí ará ìta bá sì wá rí i, ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nílẹ̀ Yorùbá: "Háà, o mà ti rù o! Kí ló dé? Ṣé kò sí wàhálà nílé?" Ẹni tó ti ń forí ṣe fọrùn ṣe fún oṣù márùn-ún, àánú ni wọ́n fi san án. Lójú tiwa, ẹni tó sanra ló ń rí jẹ. Ẹni tó rù, àìsàn tàbí ìṣẹ́ ló ń bá jà. Mo mọ ọkùnrin kan tó torí ẹnu ìyá ìyàwó rẹ̀ padà sí abọ́ méjì. Mi ò bá irú àwọn bẹ́ẹ̀ jà, ìfẹ́ ló ń ṣe wọ́n. Ẹ kàn sọ fún wọn pé, "Èmi ni mò ń dín in kù, ara mi le," kẹ́ ẹ yí ọ̀rọ̀ padà. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń rù láìṣe nǹkan kan, ẹ dìde lọ rí dókítà. Ìyẹn ọ̀tọ̀.

Ta wá ni ká gbà gbọ́? Télọ̀ ni. Mi ò ṣàwàdà. Ẹlẹgbẹ́ wa obìnrin kan wà níbí lónìí, ó ní kí n má dárúkọ òun. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní. Títí di oṣù karùn-ún, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún un. Ìwọ̀n ń lọ, ó ń bọ̀. Ó kù díẹ̀ kó jáwọ́ ló bá gbé aṣọ ẹbí lọ sọ́dọ̀ télọ̀ rẹ̀. Ìyẹn fa tẹ́ẹ̀pù yí i níkùn, ó wo ìwé rẹ̀, ó tún un fà. Ó ní, "Àǹtí, 40 ni mo kọ síbí ní Kérésì o. 38 ni mò ń rí yìí." Ìwé télọ̀ ò mọ ojúsàájú. Ohun tí tẹ́ẹ̀pù bá sọ ló ń kọ.

Ẹ wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ara yín. Láàárín egungun ìhà tó kẹ́yìn nísàlẹ̀ àti egungun ìbàdí ni kẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti mí síta. Ẹ má fa ikùn wọlé, kò sẹ́ni tẹ́ ẹ ń tàn. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ti tó. Àwọn oníṣègùn gbà pé bí ikùn ọkùnrin bá ti kọjá 102 sẹ̀ǹtímítà, tàbí tí ti obìnrin kọjá 88, ewu ìtọ̀ ṣúgà àti àrùn ọkàn ti pọ̀. Ẹni tí kò ní tẹ́ẹ̀pù, kó wá okùn. Kó fi wọn gíga ara rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí, kó ṣẹ́ ẹ po sí méjì, kó fi yí ikùn. Bí etí okùn ò bá kan ara wọn, iṣẹ́ ṣì wà; kó máa wo bí àlàfo náà ṣe ń kéré lóṣooṣù. Mi ò ní kẹ́ ẹ ju ìwọ̀n nù o. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, láàárọ̀, lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, kẹ́ ẹ tó jẹun. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ti oṣù yìí wé ti oṣù tó kọjá. Ẹ fi ti àná sílẹ̀.

Èrè wo ló wà nínú ohun tí ojú ò rí yìí? Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó ènìyàn 3,234 jọ, tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń gòkè ṣùgbọ́n tí kò tíì di àìsàn. Ọdún 2002 ni èsì rẹ̀ jáde nínú New England Journal of Medicine. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn metformin, wọ́n fún àwọn kan ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Àwọn yòókù ń yọ nínú oúnjẹ, wọ́n sì ń rìn kánmọ́kánmọ́ fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Nígbà tó fi máa tó bí ọdún mẹ́ta, iye tí ìtọ̀ ṣúgà mú nínú àwọn tó ń rìn fi ìdá 58 nínú 100 kéré sí ti àwọn tó ń lo oògùn òfo. Ìdá 31 ni metformin fi dín in kù. Kílò mélòó wá ni àwọn tó ń rìn yìí dín kù, bá a bá pín in dọ́gba? 5.6. Ẹ gbọ́ o, kílò márùn-ún àti ààbọ̀ péré! Ẹni tó jẹ́ 95 tó wá di 89, bó bá wọlé síbí nísinsìnyí, ẹ ò ní mọ̀. Télọ̀ rẹ̀ ló máa mọ̀, àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí a pe orúkọ àwọn tó ti lọ, a dìde, a dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Nínú àwọn ti sẹ́ẹ̀tì wa, kò sí èyí tó pé ogójì ọdún. Mi ò ní sọ ohun tó pa oníkálukú wọn, ìyẹn kù sọ́wọ́ ẹbí wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ iye ìgbà tí a gbọ́ "ẹ̀jẹ̀ ríru" nílé òkú.

Ó ṣeé ṣe kí tẹ́ẹ̀pù pàápàá dúró sójú kan fún oṣù méjì. Ara tó ti kéré kì í jẹ epo tó ti tẹ́lẹ̀, bí ọkọ̀ kékeré kì í ṣe í jẹ epo tó bọ́ọ̀sì. Oúnjẹ tó mú yín jò nígbà tẹ́ ẹ wà ní 95, òun náà ló lè dá yín dúró ní 87. Ẹ yọ òkèlè kan sí i, tàbí kẹ́ ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún ìrìn. Bó bá sì rẹ̀ yín, ẹ sinmi níbẹ̀ fún oṣù kan, kó má ṣáà ti gòkè padà. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kó bá dókítà rẹ̀ sọ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, torí ó lè jẹ́ pé wọ́n á dín oògùn náà kù pẹ̀lú.

Ọ̀gá wa tó ń darí eré ìdárayá nígbà yẹn jókòó níwájú níhìn-ín. Ẹ̀yin lẹ máa ń ní ká sá yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́rin ká tó lọ jẹun, sà. Ìyà la pè é. Pápá náà ṣì wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí. Aago mẹ́fà ààbọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, kí ìdúpẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àwa kan máa rìn yí i ká, a ò ní sáré. Nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa ti gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò wá. Abẹ́ igi máńgòrò ló jókòó sí, lẹ́bàá ilé oúnjẹ. Tẹ́ẹ̀pù wà lọ́wọ́ mi, ìwé péńpé sì wà fún oníkálukú. Ẹ kọ nọ́ńbà yín síbẹ̀, ẹ má fi han ẹnikẹ́ni, ẹ mú un padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ti ń rí àwọn tó ń gbé ìrẹsì bọ̀, ẹ jẹ́ kí n fún wọn láyè.