Àìtọ́jú Ló Ń Dá Ọkọ̀ Dúró Lọ́nà, Kì í Ṣe Ogbó

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọkọ̀ bá ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ àjọ̀dún wa

  

Wọ́n ní kí àwa ìgbìmọ̀ ọkọ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí Hilux ẹgbẹ́ kí a tó jẹun. A ò ní pẹ́, a mọ̀ pé ìrẹsì ti jiná. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó wa ni. Ẹ̀yin náà ti ń gbọ́ ọ káàkiri ìsọ̀: àwọn kan ní kí a ta ọkọ̀ yẹn, pé ó ti gbó, àwọn mìíràn ní kí a máa lò ó lọ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kú. Èrò tiwa yàtọ̀ sí méjèèjì. Ọkọ̀ dísù àlòkù lè sìn wá fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i, bí ó bá ní ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ àti owó tí a fi ń tọ́jú rẹ̀. Bí kò bá ní méjèèjì, tuntun pàápàá yóò já wa kulẹ̀.

Ìdí tí a fi nílò fóò-wíìlì

Ẹni tó bá ti na Òkè-Ògùn lásìkò òjò mọ ohun tí a ń wí. Láti ojú títì Ṣakí tàbí Ìgbòho wọ àwọn abúlé tí wọ́n ti ń wa iṣu, ilẹ̀ pupa ni, ẹrẹ̀ ni, odò kéékèèké tí kò ní afárá ni. Ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn nìkan ń tì yóò rì, yóò máa yí lójú kan. Ti fóò-wíìlì, iwájú ń fà, ẹ̀yìn ń tì, ó ń jáde. Ẹni tó bá lè dé inú oko ló ń ra iṣu lọ́wọ́ àgbẹ̀ gan-an. Ẹni tí kò lè dé ibẹ̀, ẹnu títì ni yóò ti rà á lọ́wọ́ ẹni tó ti jèrè ṣáájú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá kú sínú igbó ńkọ́? Tòmátì kì í dúró de mẹkáníìkì. Ọjọ́ méjì, ó ti rọ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé ìyá ọlọ́mọ, ọmọ ẹgbẹ́ wa, yóò sun ojú ọ̀nà mọ́jú. Owó tó sọnù lè padà wá, ẹ̀mí kò láàrọ̀. Nítorí náà, kí ọkọ̀ ṣeé gbára lé kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí rárá.

Bí ẹ́ńjìnì dísù ṣe ń ṣiṣẹ́

Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Rudolf Diesel ló ṣe irú ẹ́ńjìnì yìí. Ọdún 1897 ni èyí tó ṣiṣẹ́ dáadáa jáde. Orúkọ rẹ̀ náà ni a fi ń pe epo rẹ̀ dòní. Ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù ń fi pílọ́ọ̀gì ṣá iná sí epo. Ti dísù kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń fún mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbóná janjan, nọ́súlù yóò wá fín epo sí i bí ẹni fín oògùn ẹ̀fọn, iná yóò sì ràn fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi lágbára láti fa ẹrù, tí kì í sì í mu epo tó bẹntiróòlù.

Ẹ wá gbọ́ o. Ihò ẹnu nọ́súlù kéré gan-an, ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. Epo tó ń kọjá nínú pọ́ǹpù náà ló sì ń ṣe bí ọ́ìlì fún pọ́ǹpù yẹn. Bí omi bá wọ inú rẹ̀, irin á máa ha irin, á sì dípẹtà. Àwọn Hilux àtijọ́ tó ní ẹ́ńjìnì 2L, 3L àti 5L ṣì ń fara dà á díẹ̀. Àwọn tó jáde lẹ́yìn ọdún 2000 tí wọ́n kọ D-4D sí lára, kọ̀ǹpútà ló ń darí epo wọn, agbára tí wọ́n sì fi ń ti epo lé ní 1,000 bar, nígbà tí ti afẹ́fẹ́ inú táyà kò ju bíi 2 tàbí 3 lọ. Ìdọ̀tí bíńtín ti tó láti ba nọ́súlù wọn jẹ́, nọ́súlù mẹ́rin sì lè gbé owó ọjà ẹnìkan lọ.

Ọ̀tá mẹ́ta: omi, eruku, ooru

Omi ni àkọ́kọ́. Ní ọdún 2020, lítà dísù kan kò tó 300 náírà. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 2022, ó ti kọjá 700. Ní ọdún 2024, ó kọjá 1,000. Bí owó epo bá ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníkẹ́ẹ̀gì ń pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Àwa tí a ń ta epo pupa mọ ohun tí èèyàn lè pò mọ́ epo. Epo tí wọ́n bá tà fún yín ní ọ̀pọ̀ ní kọ̀rọ̀, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi là á. Ilé epo tí ọkọ̀ akẹ́rù ń wọ̀ lójoojúmọ́ ni kí dẹ́rẹ́bà ti máa rà. Bí kò bá sí ọgbọ́n mìíràn ju ti kẹ́ẹ̀gì lọ, kí ó kọ́kọ́ bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, kí ó gbé e kalẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí omi bá wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ni yóò lọ, ojú yóò rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ kékeré kan wà nísàlẹ̀ fílítà epo tí wọ́n fi ń yọ omi kúrò. Kí a máa ṣí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Fílítà epo fúnra rẹ̀, kí a pààrọ̀ rẹ̀ ní 10,000 kìlómítà, kí a má dúró kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Eruku ni èkejì. Ọyẹ́ àti ilẹ̀ pupa kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ́ńjìnì. Bí fílítà afẹ́fẹ́ bá ya, tàbí tí rọ́bà tó so mọ́ ọn bá là, iyanrìn ni ẹ́ńjìnì ń jẹ yẹn. Lẹ́yìn ìrìn àjò ilẹ̀ pupa, kí a tú fílítà, kí a fẹ́ ẹ láti inú síta, kí a má fẹ́ ẹ láti ìta wọnú. Èyí tó bá ti dúdú, ká jù ú nù.

Ooru ni ẹ̀kẹta. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ló máa ń yọ tẹmósítáàtì kúrò, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, kò wúlò. Ẹ má gbà fún wọn. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tètè dé ibi ooru tó yẹ, kí ó sì dúró síbẹ̀. Bí ó bá bàjẹ́, tuntun ni kí wọ́n fi sí i. Omi odò kò yẹ redíétọ̀. Kúláǹtì ni kí a máa lò, nítorí pé kì í jẹ́ kí inú ẹ́ńjìnì dípẹtà. Bí abẹ́rẹ́ ooru bá ti ń gòkè, kí dẹ́rẹ́bà dúró, kí ó pa á, kí ó sì má ṣí ìdérí redíétọ̀ nígbà tó bá ṣì gbóná. Wákàtí kan tí a fi dúró dára ju gásíkẹ́ẹ̀tì tó jó lọ.

Ọ́ìlì àti bẹ́líìtì

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì dísù tètè ń dúdú, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n ní 5,000 kìlómítà, kí a dà á nù pátápátá, kí a sì pààrọ̀ fílítà rẹ̀. Ká máa bu tuntun lé ògbólógbòó kì í ṣe ìtọ́jú.

Bẹ́líìtì táímìn tún wà níbẹ̀, ojú kì í rí i, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá já, irin inú ẹ́ńjìnì yóò máa lu ara wọn, ẹ́ńjìnì lè kú lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ lára àwọn ẹ́ńjìnì Hilux tí a dárúkọ wọ̀nyẹn ló ní i. Ti àtijọ́, 100,000 kìlómítà ni kí a pààrọ̀ rẹ̀. Bí a bá ra ọkọ̀ àlòkù, ká pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí a rà á, nítorí ìtàn ẹni tó tà á kì í ṣe ẹ̀rí.

Fóò-wíìlì náà ní òfin tirẹ̀

Irú fóò-wíìlì tí ọ̀pọ̀ Hilux wa ní, ẹrẹ̀ àti ilẹ̀ tó ń yọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Bí dẹ́rẹ́bà bá fi í sí i lórí ọ̀dà gbígbẹ, táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn kò ní lè yí bó ṣe yẹ níbi tí ọ̀nà bá ti yí, jíà inú ni yóò jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a kò bá lò ó rárá, yóò lẹ̀ pọ̀, ọjọ́ tí a nílò rẹ̀ kò ní dáhùn. Lóṣù kan, kí ó fi fóò-wíìlì rìn tó kìlómítà 16 lórí ilẹ̀ tútù. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti la odò kọjá, kí mẹkáníìkì wo ọ́ìlì jíà àti ti dífù. Bí ó bá ti funfun bí ẹ̀kọ, omi ti wọ̀ ọ́.

Ti ẹrù ńkọ́? Ẹ̀yin ìyá wa, kò sí ẹni tí a ń bú o. Píkọ́ọ̀pù yìí kò gbọdọ̀ gbà ju bíi tọ́ọ̀nù kan lọ. Nígbà tí a bá wí pé "ẹ ṣì lè fi àpò kan sí i," ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀, bíréèkì rẹ̀ ń jó, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń gbóná. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í ni ni lára.

Fún àwọn ará ilé wa tó fẹ́ ra tiwọn

A mọ̀ pé àwọn ọkọ àti ọmọ wa kan ń wo irú ọkọ̀ yìí. Ẹ lọ wò ó ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí ó bá ti gbóná kí ẹ tó dé, wọ́n ti jí i sílẹ̀ dè yín, ó lè jẹ́ pé kì í tètè jí. Bí ó bá jí, ẹ wo èéfín ẹnu sàlẹ́ńsà. Bí ó bá dúdú nígbà gbogbo, ó lè jẹ́ pé nọ́súlù ti bàjẹ́ tàbí pé fílítà afẹ́fẹ́ ti dí. Bí ó bá dà bí aró, ọ́ìlì ló ń jó. Bí ó bá funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti gbóná, tí omi redíétọ̀ sì ń dín kù, ẹ fura sí gásíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti jó ṣáásì pọ̀.

Ẹ yẹ ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀ wò dáadáa. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé gba ẹnubodè orí ilẹ̀. Tòkunbọ̀ tí wọ́n bá ti fi ẹ̀bùrú gbé wọlé, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú títì. Nọ́ńbà ṣáásì, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ló máa ń jẹ́ lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀; ti ara irin àti ti inú ìwé gbọ́dọ̀ bára mu. Kí ẹ sì má ná gbogbo owó ọwọ́ yín tán sórí ọkọ̀. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ọ́ìlì, fílítà, bẹ́líìtì àti táyà. Ọkọ̀ àlòkù tí kò bá owó àtúnṣe dé ilé, gbèsè ló bá dé.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún

Gbogbo ohun tí a sọ yìí, mẹkáníìkì kan kò lè dá a ṣe. Ọkọ̀ àjọni ni. Ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn sì máa ń fẹ́ di ti ẹnikẹ́ni. Kálukú á rò pé ẹnì kejì ti wo omi rẹ̀. Nítorí náà, a fẹ́ kí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí nǹkan mẹ́ta.

Èkíní, àpò ọkọ̀. Nínú gbogbo 10,000 náírà tí ọkọ̀ bá pa, kí 2,000 bọ́ sínú àkáǹtì tirẹ̀, kí akápò má gbà kí ẹnikẹ́ni yá a, ìbáà jẹ́ fún ìnáwó ẹgbẹ́. Ìgbà tí ọkọ̀ ṣì ń rìn la ń kó owó àtúnṣe rẹ̀ jọ.

Èkejì, ìwé ọkọ̀. Ìwé kan lásán tí a ń kọ ọjọ́, kìlómítà, epo tí a rà àti ohun tí a pààrọ̀ sí. Ẹni tó bá mọ iye àpò gààrí tó tà lóṣù tó kọjá mọ bí a ṣe ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, olórí ọkọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo fún ọdún kan, dẹ́rẹ́bà kan, mẹkáníìkì kan tó mọ dísù. Bí olórí ọkọ̀ bá ní ọkọ̀ kò ní jáde lónìí, kí ó má jáde, ìbáà jẹ́ ẹrù alága ló wà nílẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa, owó tí a fi ra ọkọ̀ yìí, èsúsú wa ni, láti orí ata, láti orí ẹ̀wà, láti orí èlùbọ́. Ohun tí a ò jìyà fún ni kì í tọ́jọ́. Èyí, a jìyà fún un, ó yẹ kó tọ́jọ́. Bí ẹ bá fọwọ́ sí nǹkan mẹ́ta yìí ní ìpàdé tó ń bọ̀, a ò ní ta Hilux wa. Bí a kò bá sì lè fọwọ́ sí i, ó sàn kí a tà á nígbà tó ṣì níye lórí, kí a pín owó náà, ju kí a máa fi ẹ̀mí ara wa dán an wò lójú ọ̀nà lọ.

Olúwa á máa ṣọ́ àlọ wa, á máa ṣọ́ àbọ̀ wa. A ò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú ká, àjọ̀dún á yabo.